Pákó afàrà, egungun màlúù àti wáyà bàbà: bí mo ṣe kan gìtá oníná nílé wa ní Àkúrẹ́

Oṣù mẹ́sàn-án ni pákó afàrà tí mo fi ṣe ara gìtá mi lò lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá wa ní Àkúrẹ́ kí ayùn tó kàn án. Àwọn ará ilé rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, tí mo máa ń gbé e lé òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun, tí mo sì máa ń kọ iye kílò rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Ní oṣù kẹrin ọdún tí mo rà á, kílò 6.4 ni. Ó ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo àkókò òjò, kò yára rárá, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ yí padà fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ló tó gbẹ délẹ̀. Ó dúró sórí kílò 4.7, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìdúró yìí ṣáájú nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí léèrè nípa gìtá náà kì í fẹ́ gbọ́. Igi tútù máa ń súnkì bó bá ṣe ń gbẹ, kì í sì í súnkì lọ́gbọọgba: ìbú rẹ̀ a máa súnkì ju gígùn rẹ̀ lọ fíìfíì, ìdí sì nìyẹn tí pákó tí a kò jẹ́ kó gbẹ fi máa ń lọ́. Bí àga bá lọ́ díẹ̀, ènìyàn ṣì lè jókòó lórí rẹ̀. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le dé ohùn tó yẹ wọ́n, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn gìtá tó nǹkan bí ìwọ̀n kílò 45, tọ̀sán-tòru, láìsinmi. Gìtá tí mo kọ́kọ́ ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, tuntun ni mo rà á, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Okùn ga lórí rẹ̀ débi pé ìka mi a máa bó lẹ́yìn ìsìn kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó tí mo tọ́jú pẹ́ ni mo fi rà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbèrò láti kan tèmi, kí n lè mọ igi tó wà nínú rẹ̀ àti bí igi náà ti gbẹ tó.

Bàbá káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé wa ló mú mi lọ síbi ìlagi. Ọ̀gànwó ni mo fẹ́ rà fún gbogbo rẹ̀, nítorí mo ti kà pé òun ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ gìtá olówó ńlá. Bàbá fi ọwọ́ pa pákó afàrà kan tó fẹ̀ dáadáa, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ àgbàdo, wọ́n ní, "Èyí ni kí o mú. Ó fúyẹ́, ayùn sì máa ń jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé igi tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn yìí ò ní rẹlẹ̀ jù fún gìtá?" Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ní kí n san owó rẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo wá ìwé kà ni ojú mi tó là sí i. Afàrà funfun yìí gan-an, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Terminalia superba, ni àwọn oníṣòwò igi ní Amẹ́ríkà fún ní orúkọ Korina. Òun ni ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní ọdún 1958, àwọn tí a ṣì lè rí nínú wọn lónìí sì wà lára gìtá tó wọ́n jù lọ ní ayé. Igi tí ó ń hù nínú igbó tiwa, tí a ń kó kọjá lórí ọkọ̀ gbágbágbá lójú títì Ìdànrè, ni ẹlòmíràn fi orúkọ mìíràn sọ di ohun iyebíye. Inú mi dùn débi pé mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn pẹ̀lú.

Ó yẹ kí n sọ èrò mi lórí ọ̀rọ̀ igi àti ohùn. Àwọn onílù wa máa ń fẹ́ igi ọmọ̀ fún ìlù, àwọn àgbà a sì máa wá èyí tó hù létí ọ̀nà, nítorí wọ́n gbà pé igi tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn ni yóò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Fún ìlù, igi àti awọ ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Fún gìtá oníná, òòfà ló ń gbọ́ okùn, kì í ṣe etí wa ló ń gbọ́ igi, nítorí náà iṣẹ́ igi níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti inú ìlù. Ohun tí mo ń wá lára afàrà ni pé kó fúyẹ́ ní èjìká ẹni tí yóò dúró ta gìtá fún wákàtí mẹ́ta, kó má sì lọ́. Ó ṣe méjèèjì fún mi.

Ṣùgbọ́n ọrùn ni gìtá. Ara kàn gbé e dání ni. Ọ̀gànwó ni mo lò fún ọrùn, mo sì gbẹ́ ihò tóóró sí àárín rẹ̀ fún irin gígùn kan tó ṣeé yí, èyí tí yóò máa ta ko agbára okùn. Lórí rẹ̀ ni mo lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo rẹ́ láti ara igi àpá, nítorí pé àpá le, ìka kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Orí pákó àpá yìí ni àwọn fírẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, tí ìka ń tẹ okùn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ ní òkè ọrùn títí dé ibi tó ti parí lára gìtá, mílímítà 648 ni mo yàn, èyí tí í ṣe gígùn tí ilé iṣẹ́ Fender lò fún gìtá wọn tó ń jẹ́ Stratocaster nígbà tó jáde ní ọdún 1954. Ìṣirò fírẹ́ẹ̀tì kò ṣòro: a ó pín gígùn okùn sí ọ̀nà 17.817, ibi tí ìpín kan bá dé ni fírẹ́ẹ̀tì kìíní. A ó tún pín gígùn tó ṣẹ́kù bákan náà, a ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Fírẹ́ẹ̀tì kìíní yóò bọ́ sórí mílímítà 36.37, ìkejì sórí 70.70, ìkejìlá yóò sì bọ́ sí àárín gbùngbùn okùn, ìyẹn 324, níbi tí ohùn ti ń di ìlọ́po méjì. Mo ṣe ìṣirò náà sínú ìwé, mo ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà. Mo ń wọn fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti ara èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, àìpé kékeré tó wà nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ń gun orí ara wọn. Nígbà tí mo dé ìkejìlá, mo gbé rúlà irin lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rí 326. Mílímítà méjì péré. Ṣùgbọ́n etí tó bá mọ orin yóò gbọ́ ọ, kò sì sí ohun tí a lè yí lára okùn tí yóò mú un kúrò. Mo jókòó ti pákó náà pẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fá a dán.

Pákó kejì ni mo ṣe dáadáa. Orí ibi ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni mo gbé rúlà lé fún fírẹ́ẹ̀tì méjèèjìlélógún, n kò gbé rúlà náà kúrò títí mo fi sàmì sí gbogbo wọn, ṣóńṣó ọ̀bẹ ni mo sì fi sàmì, nítorí pé ojú ìlà pẹ́ńsùlù nípọn jù fún irú iṣẹ́ yìí. Ayùn tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí kò sí ní ọjà wa, nítorí náà mo mú ayùn irin lásán, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ha òkúta ìpọ́nbẹ títí eyín rẹ̀ tó yà sọ́tùn-ún sósì fi dọ́gba, kí ojú ihò tó ń là má bàa fẹ̀ ju ìdí fírẹ́ẹ̀tì lọ. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Nígbà tí mo fi òòlù kan fírẹ́ẹ̀tì kìíní wọlé, tó sì di ara rẹ̀ mú ṣinṣin láìfi gọ́ọ̀mù sí i, mo kígbe tó jẹ́ pé àwọn ọmọ sáré wá wò mí.

Ti ara kò pọ̀ ní sísọ. Ọjọ́ kan péré ni mo fi rẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ní ìnípọn mílímítà 45, ọjọ́ kejì ni mo sì gbẹ́ ihò àwọn ohun èlò iná àti àlàfo tí ìdí ọrùn yóò jókòó sí.

Píkọ́ọ̀pù ni etí gìtá oníná. Òòfà kéékèèké mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ okùn tirẹ̀, pẹ̀lú wáyà bàbà tó tínrín bí irun orí tí a yí mọ́ wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Michael Faraday ló fi hàn ní ọdún 1831 pé bí agbára òòfà tó ń gba àárín wáyà tí a ká kọjá bá ń yí padà, iná mànàmáná yóò jáde nínú wáyà náà. Okùn irin tó ń gbọ̀n lókè òòfà ló ń fa ìyípadà ọ̀hún: bí okùn karùn-ún bá gbọ̀n nígbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iná tó jáde náà yóò lọ yóò bọ̀ nígbà 110. Ìdí nìyí tí okùn ọ̀rá kò fi lè dún lórí rẹ̀.

Mo lè ra píkọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yí i fúnra mi, mo sì yí i. Wáyà onímílímítà 0.063 ni mo bèèrè fún láti Èkó. Mo dè ẹ̀rọ mọ́tò ìránṣọ àtijọ́ kan mọ́ tábìlì, mo sì so swíìṣì kékeré kan mọ́ bọ́tìnnì "=" lára ẹ̀rọ ìṣirò, tó fi jẹ́ pé bí mọ́tò bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ìṣirò náà yóò fi ení kan kún iye tó wà lójú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìyípo ni mo ń lépa. Wáyà já ní 3,112. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó já ní 5,040. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ọwọ́ tó le: ẹ ó jẹ́ kó máa yọ́ gba àárín ìka méjì kọjá bí ìgbà tí òwú ń yọ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń ranwú. Ní ìgbà kẹta, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo pa fáànù, mo bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n má pè mí, mo sì dé 8,000 láìjá. Nígbà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó fi nǹkan bí òòmù 5,900 hàn. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ àbẹ́là nínú agolo tó wà nínú ìkòkò omi gbígbóná, n kò gbé e lé iná tààrà nítorí ìda a máa gbiná, mo sì rì píkọ́ọ̀pù náà sínú rẹ̀ kí ìda lè wọ àárín wáyà, kó má máa han bí a bá gbé ohùn ga.

Nínú ihò iná, mo fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín lẹ gbogbo ògiri rẹ̀, kí ó lè dí ariwo iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ tó ń hùn lọ́nà. Òjé tí a fi ń jó wáyà pọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ fọ́ìlì yẹn, nítorí náà ìdè ni mo fi dè wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń fa ariwo iná kúrò, mọ́ ọn. Mo gbàgbé wáyà kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ki gìtá náà bọ áńpílífáyà, ó ń hùn bí ilé oyin, bí mo tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn, kò dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ irú rẹ̀ kó lọ wo wáyà tó yẹ kó so irin tí okùn jókòó lé mọ́ wáyà ilẹ̀. Òun ni n kò so. Nígbà tí mo so ó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé e dùn mọ́ mi bí orin.

Mo ti rò pé iṣẹ́ ti ń parí lọ nígbà yẹn, àmọ́ kò tíì dé ìdajì. Ojú ihò kéékèèké pọ̀ lára afàrà, wọn a sì máa mu fánísì. Mo po ìyẹ̀fun igi tó kúnná mọ́ sílà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń dí ojú igi, mo fi dí wọn, mo fi sáńpépà 120, 180, 240 àti 320 ha á tẹ̀léra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín fánísì sí i. Oṣù kẹfà ni, òjò sì ti rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kí n tó yíjú padà, gbogbo ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ẹ̀kọ lé e. Atẹ́gùn tó kún fún omi ló fà á: bí tínà ṣe ń gbẹ, ó ń mú ojú igi tutù, ìrì sì ń há sínú fánísì. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ nínú òjò? Fi sílẹ̀." Ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín ni mo tún fi tínà díẹ̀ fín in, funfun náà sì ká lọ. Láti ìgbà yẹn, àárọ̀ ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ nìkan ni mo ń fín fánísì. Mo fín ìpele mẹ́jọ, mo gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí n kò fi gbóòórùn tínà lára rẹ̀ mọ́, kí n tó fi sáńpépà olómi 1000 àti 2000 dán an, tí mo sì fi ìpara tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀ parí rẹ̀. Àwọ̀ afàrà náà wá yọ bí oyin tí oòrùn ń tàn gbà inú rẹ̀.

Ní Ọjà Ọba ni mo ti gba egungun ẹsẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà, fún ohun kékeré tó ń gbé okùn ró ní òkè ọrùn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀rá lè jáde, mo sá a sóòrùn, mo sì fi fáìlì gbẹ́ ojú ọ̀nà mẹ́fà sí i. Egungun dára ju ike tí wọ́n ń fi sára gìtá olówó pọ́ọ́kú lọ. Ó le, okùn sì ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìhá.

Fírẹ́ẹ̀tì náà kò tíì dọ́gba. Mo yí irin inú ọrùn títí ọrùn fi tọ́, mo fi máàkà dúdú kun orí fírẹ́ẹ̀tì gbogbo, mo sì fi igi títọ́ tí mo lẹ sáńpépà mọ́ lábẹ́ gba orí wọn kọjá. Níbi tí dúdú bá ti lọ, ibẹ̀ ló ga. Níbi tó bá kù, ibẹ̀ ló rẹlẹ̀. Títí dúdú fi kúrò lórí gbogbo wọn ni mo ń fà á, lẹ́yìn náà ni mo fi fáìlì sọ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan di róbótó. Bí n kò bá ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo wàhálà tí mo ti ṣe látẹ̀yìn wá yóò parí sí gìtá tó ń dún bí agolo.

Ó wá ku kí okùn kọ̀ọ̀kan bá ara rẹ̀ mu. A ó fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá kó fọn, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga ju èyí tó fọn lọ, a ó sún irin tí okùn jókòó lé ní ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, nítorí pé títẹ̀ a máa fa okùn le díẹ̀. Okùn mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ kan.

Iwájú bàbá mi tó bí mi ni mo ti kọ́kọ́ ta gìtá náà. Orin jùjú àti háyíláìfù ni wọ́n fi tọ́ wa: Ọba Sunny Adé, ọmọ ọba Òndó, àti Orlando Owoh tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ fi ń yangàn. Bàbá mi ló máa ń sọ fún wa pé gìtá oníná kò sí nínú jùjú tẹ́lẹ̀, pé Àyìndé Bákàrè ló mú un wọ̀ ọ́ ní ọdún 1949. Mo mú orin kúkúrú kan jáde ní ìrọra, lórí okùn kejì àti ìkẹta, bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tí gìtá méjì bá ń dá ara wọn lóhùn. Bàbá mi ní kí n gbé e wá. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, wọ́n fi ìka gbá ara rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé igi ilé ni gbogbo èyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní kí n tún un ta.

Kílò 3.4 ni gìtá náà wọ̀n. Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún yìí, ọrùn rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, okùn kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í ha fírẹ́ẹ̀tì. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan lára irin inú ọrùn ló tún un ṣe. Pákó afàrà mìíràn ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, fún àbúrò mi tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, kílò 7.1 ni, ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, kílò 7.3.